Imí Ọjọ́, Gamalin àti Abẹ́rẹ́ Màlúù: Ìtàn Bí Aráyé Ṣe Ń Wo Kúrúnà àti Eégbọn Ara Ajá

 

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kòkó, adìẹ àti ewúrẹ́ ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú ètò yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ sọ. Bóyá ẹnì kan yóò béèrè pé kí ló kan àgbẹ̀ pẹ̀lú ajá. Ó kàn án púpọ̀. Ajá ló ń ṣọ́ abà nígbà tí ẹ bá relé. Ajá ló ń lé ọ̀yà kúrò nínú oko, òun náà ló ń bá ọdẹ wọ inú igbó. Ajá tí ara ń yún tọ̀sán tòru kò lè ṣọ́ nǹkan kan. Kò ní lè sùn, kò ní lè jẹun dáadáa, yóò rù, irun rẹ̀ yóò máa rẹ̀ dànù. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọdé tó ń bá a ṣeré náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í họra.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe. Ẹnì kan á da ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti jóná sí ajá lára. Ẹlòmíràn á po oògùn kòkó mọ́ omi, á fi wẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn á ra oògùn abẹ́rẹ́ màlúù lọ́jà, á gún un ní ìwọ̀n tó bá wù ú. Àwọn ajá kan yè é, àwọn kan kò rí ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a jọ wo ìtàn ìtọ́jú yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ, ohun kan ló sì ń kọ́ wa léraléra: ohun tó lè pa kòkòrò ara ajá kò fìgbà kan ṣọ̀wọ́n láyé. Ohun tó pẹ́ kí aráyé tó mọ̀ ni irú kòkòrò tí wọ́n ń bá jà, àti ìwọ̀n tí oògùn kò fi ní di májèlé.

ÀWỌN KÒKÒRÒ TÍ À Ń WÍ

Ẹ mọ àfòmọ́ tó ń gbé lórí igi kòkó àti igi obì, tó ń fa oúnjẹ igi náà jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn kòkòrò kan ṣe fi ara ajá ṣe ilé. Àwọn kan hàn sí ojú. Eégbọn ni a mọ̀ jù nínú wọn. Òun ló ń so mọ́ etí ajá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi wú bí hóró ẹ̀wà. Iná náà wà, tó ń rìn láàrin irun. Yọ̀rọ̀ tún wà, kòkòrò pẹlẹbẹ tó máa ń fò lọ bí a bá ní kí a mú un.

Àwọn mìíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí wọn dáadáa. Máìtì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ọ̀kan ń gbẹ́ ihò sínú awọ ara, ó sì ń yé ẹyin síbẹ̀. Òun ló ń fa kúrúnà tó ń yún ajá kíkankíkan, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní etí, ìgúnpá àti ikùn. Èkejì ń gbé inú ihò tí irun ti ń hù jáde. Ẹ̀kẹta ń gbé inú etí, ó sì ń mú kí ìdọ̀tí dúdú kún ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn baba ńlá aráyé lójú, nítorí ẹni tí kò rí ọ̀tá rẹ̀ kò lè mọ ibi tí yóò ju òkò sí.

LÁTI ÌLÚ RÓÒMÙ DÉ ÌSỌ̀ LÉKULÉJA

Ní nǹkan bí ọdún 160 kí wọ́n tó bí Jésù, ọkùnrin kan ní Róòmù tó jẹ́ àgbẹ̀ tó sì jẹ́ òṣèlú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cato, kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ṣe dènà kúrúnà lára àgùntàn. Ó ní tí wọ́n bá ti rẹ́ irun àgùntàn tán, kí wọ́n po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òróró ólífì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáìnì àti omi tí wọ́n fi se irú ẹ̀wà kan tó korò, ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n fi pa gbogbo ara àgùntàn náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ nínú òkun. Bí òkun bá jìnnà, kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbí Jésù, Columella, tí òun náà jẹ́ àgbẹ̀ ní Róòmù, kọ ti ajá gan-an. Oògùn tirẹ̀ ni kí wọ́n lọ òkúta jípísọ́ọ̀mù àti yànmọ̀tí ní ìwọ̀n dọ́gbadọ́gba, kí wọ́n pò wọ́n mọ́ ọ̀dà olómi, kí wọ́n sì fi kun ojú kúrúnà. Ó fi kún un pé àwọn ènìyàn gbà pé oògùn yìí dára fún ọmọ ènìyàn náà. Ẹ rí i pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wọn oògùn kí wọ́n tó pò ó, tí wọ́n sì ti mọ̀ pé kúrúnà ajá àti ti ènìyàn jọ ara wọn. Àmọ́ wọn kò mọ ohun tó ń fà á. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù ń dá lẹ́bi.

Àwọn bàbá wa náà kò káwọ́ gbera. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ọdẹ ti ń ra imí ọjọ́ ní ìsọ̀ lékuléja, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n ń pò ó mọ́ àdín, tí wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú wẹ ajá kí wọ́n tó fi pa á lára. Ìmọ̀ òde òní kò ta ko èyí. Ọṣẹ a máa ká èèpá kúrò, àdín a máa mú kí awọ rọ̀, imí ọjọ́ a sì máa pa kòkòrò kúrúnà. Títí di òní ni àwọn dókítà ẹran káàkiri ayé ṣì ń lo oògùn tí wọ́n fi imí ọjọ́ ṣe fún ajá. Ibi tí oògùn àwọn bàbá wa kù sí ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ojú egbò nìkan ni wọ́n sì sábà máa ń fi kùn. Ẹ ó rí i láìpẹ́ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì.

ABẸ́RẸ́ ÀWỌN OBÌNRIN

Ní ọdún 1687, dókítà kan tí ń jẹ́ Giovanni Cosimo Bonomo àti apoògùn kan tí ń jẹ́ Diacinto Cestoni wà ní Livorno, ìlú kan létí òkun ní Ítálì. Wọ́n gbọ́ pé àwọn obìnrin tálákà máa ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yọ nǹkan kékeré kan lára àwọn ọmọ wọn tó ní kúrúnà, àti pé àwọn ẹrú ìlú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Àwọn méjèèjì kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá ẹni tó ní kúrúnà, wọ́n ní kó fi ibi tó ń yún un jù hàn àwọn, wọ́n yọ nǹkan náà, wọ́n sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ohun alààyè ni wọ́n rí. Ó funfun, ó sì rí bí ìjàpá. Ojú wọn ni ọ̀kan ṣe yé ẹyin.

Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí onímọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Francesco Redi. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ló ń fa kúrúnà, kòkòrò yìí ni. Wọ́n ní ìdí nìyí tó fi ń ràn láti ara aṣọ àti láti ara ẹni sí ẹni. Wọ́n tún ní ìdí nìyí tí oògùn mímu kò fi ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé wíwẹ̀ àti pípa ìpara tó ní imí ọjọ́ nínú ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló pé sínú lẹ́tà kan.

Ǹjẹ́ àwọn dókítà gbà á? Wọn kò gbà á. Ọdún 147 kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1834, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Simon François Renucci, ọmọ erékùṣù Corsica, dúró níwájú àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris, ó sì fi abẹ́rẹ́ yọ kòkòrò náà lára aláìsàn. Níbo ló ti kọ́ ọ? Lọ́wọ́ àwọn obìnrin tálákà ìlú rẹ̀ ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ifẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá tí kò mọ̀wé ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọdún 147 jiyàn lé lórí.

Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kòkòrò ni, ìtọ́jú náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, ibi tó bá ń yún ènìyàn nìkan ni wọ́n ń fi oògùn pa. Ní nǹkan bí ọdún 1850, dókítà kan ní Paris, Ernest Bazin, ní kí wọ́n máa fi pa gbogbo ara, nítorí kòkòrò tí oògùn kò kàn yóò yé ẹyin, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi oògùn kun ẹ̀gbẹ́ etí ajá nìkan.

KÒKÒRÒ TÓ Ń GBÉ NÍDÌÍ IRUN

Ní ọdún 1842, dókítà kan ní Berlin, Gustav Simon, rí máìtì mìíràn nínú ihò irun ojú ènìyàn. Eléyìí kò dà bí ìjàpá. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú. Ní ọdún 1859, Franz Leydig ṣe àpèjúwe irú rẹ̀ tó ń gbé ara ajá.

Ìwà kòkòrò yìí yàtọ̀ pátápátá. Ara ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó o ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń mu ọmú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ajá tí kò ní díẹ̀ lára, tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí agbára ara ajá bá dínkù, bóyá nítorí ebi, aràn inú tàbí àìsàn mìíràn, ni wọ́n máa ń pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Irun a wá máa rẹ̀ yí ojú, ẹnu àti ẹsẹ̀ iwájú ká, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí yíyún ara ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ràn láti ara àgbà ajá kan sí òmíràn, kì í sì í ran ènìyàn.

Nítorí náà, ajá méjì lè wà ní agboolé kan, kí irun àwọn méjèèjì máa rẹ̀, kí oògùn tó wo ọ̀kan sàn má ṣe nǹkan kan fún èkejì. Imí ọjọ́ kò ràn kòkòrò tó sá pamọ́ sí ìdí irun. Fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, púpọ̀ nínú àwọn ajá tí eléyìí bá tàn ká ara wọn ni wọ́n ń pa, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

ODÒ ÁSẸ́NÍÌKÌ ÀTI Ọ̀RÀN EÉGBỌN

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kúrúnà àgùntàn kò jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ sùn. Ní ọdún 1852, dókítà ẹran kan ní ìlú Berkhamsted, William Cooper, gbé ìyẹ̀fun kan jáde tó fi ásẹ́níìkì àti imí ọjọ́ ṣe. Wọn a pò ó mọ́ omi nínú kòtò gígùn, wọn a sì mú kí àgùntàn lúwẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ṣiṣẹ́, ó sì tàn káàkiri ayé. Àmọ́ májèlé pọ́ńbélé ni ásẹ́níìkì. Bí omi bá kéré jù, ẹran kú. Bí omi bá pọ̀ jù, kòkòrò yè. Ìwọ̀n tó wà láàrin méjèèjì ni iṣẹ́ Cooper.

Láti ara àgùntàn ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ eégbọn. Ní ọdún 1893, Theobald Smith àti Fred Kilborne ní Amẹ́ríkà fi hàn pé eégbọn ló ń gbé ibà kan kiri tó ń pa màlúù. Ní ọdún 1901, Charles Lounsbury, onímọ̀ kòkòrò ní Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé eégbọn ló ń gbé irú ibà bẹ́ẹ̀ wọ ara ajá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan o. Ibà eégbọn wà ní ilẹ̀ wa, ó sì wọ́pọ̀. Bí ajá yín bá dédé dẹ́kun oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí inú ẹnu rẹ̀ funfun dípò kó pupa, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Fún bí ogójì ọdún, odò ásẹ́níìkì ni wọ́n fi ń bá eégbọn jà ní Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1930, àwọn eégbọn kan ti wà níbẹ̀ tí ásẹ́níìkì kò ràn mọ́. Bí a bá ń lo oògùn kan ṣáá, àwọn kòkòrò tó lágbára níbẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù, àwọn náà ni yóò sì bímọ.

Ohun mìíràn tí wọ́n tún mọ̀ ni ibi tí eégbọn ń gbé. Eégbọn aláwọ̀ ilẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ajá wa a máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. Yóò wọ inú sísán ògiri, yóò sì yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀. Ẹni tó bá wẹ ajá tí kò tọ́jú ibi tí ajá ń sùn, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

GAMALIN DÉ INÚ OKO KÒKÓ

Àwọn tó ti dàgbà nínú yín ni ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1939, Paul Müller ní Switzerland rí i pé DDT ń pa kòkòrò. Láàrin ogun àgbáyé kejì, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí oògùn mìíràn tó lágbára, lindane ni wọ́n ń pe ojúlówó rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fín in sí oko kòkó ní ilẹ̀ wa àti ní Gánà, láti pa kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu. Gamalin 20 ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí.

Nígbà náà, lindane kan náà ni wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn fún kúrúnà ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi sínú omi ìwẹ̀ ajá ní òkèèrè. Láti ibí ni àṣìṣe ti wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ pé oògùn kan náà ni, yóò rò pé kò séwu. Àmọ́ oògùn kúrúnà ti ilé ìwòsàn, ìdá 1 lindane ló wà nínú ìdá 100 rẹ̀. Gamalin 20 inú oko, ìdá 20 ló wà nínú ìdá 100, ohun tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ń sọ nìyẹn. Ó fi ìlọ́po 20 lágbára ju ti ilé ìwòsàn lọ. Lindane a máa gba inú awọ wọlé, a máa dé ọpọlọ, gìrì ni yóò sì fi gbé ajá. Ajá tún máa ń lá ara rẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá fi pa á lára, ó ti jẹ ẹ́ náà nìyẹn. Kì í tètè kúrò nínú ọ̀rá ara tàbí nínú ilẹ̀.

Nítorí èyí, ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi lindane sínú àwọn oògùn tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní gbogbo ayé. Bí ìgò rẹ̀ àtijọ́ bá ṣì wà ní kọ̀rọ̀ abà yín, ẹ má ṣe lò ó fún ohunkóhun, ẹ má sì dà á sí odò.

Ìtàn náà tún ń tún ara rẹ̀ ṣe báyìí pẹ̀lú DDVP. Oògùn yìí wà fún iṣẹ́ oko, àmọ́ àwọn ènìyàn ń dà á sí ajá lára. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n dẹ́kun títa ìgò kékeré ml 100 rẹ̀ ní ọjà gbangba, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò.

ERÙPẸ̀ LÁTI JÀPÁÁNÌ

Ní ọdún 1969, ilé iṣẹ́ Boots ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe oògùn kan tí ń jẹ́ amitraz. Eégbọn ara màlúù àti kòkòrò ara igi ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà ẹran ti ń lò ó fún kòkòrò ìdí irun ajá, àwọn ajá tí wọ́n ìbá ti pa sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ó ní ìwọ̀n omi tí a ń pò ó mọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, ajá a máa tòògbé, ara rẹ̀ a tutù, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù díẹ̀díẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1974, onímọ̀ kan ní Jàpáánì, Satoshi Ōmura, fi àwọn kòkòrò àìfojúrí tó rí nínú erùpẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn, tó wá láti inú erùpẹ̀ tó bù nítòsí pápá gọ́ọ̀fù kan ní Kawana, ń ṣe ohun tó ń pa aràn. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1981, ó dé ọjà gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹran. Ivermectin ni. Ó ń pa aràn, ó ń pa máìtì, ó sì ń pa iná. Ní ọdún 2015, Ōmura àti Campbell gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ̀yin gan-an mọ oògùn yìí. Láti ọdún 1987 ni Merck ti ń fi í tọrẹ fún àrùn tó ń fọ́ ojú àwọn ará etí odò, ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti gba a. Mectizan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ ó rántí pé kí wọ́n tó fún yín ní hóró kan, wọ́n máa ń fi igi tí wọ́n fàmì sí wọn gíga yín ná. Ẹni tó ga gba iye tirẹ̀, ẹni tó kúrú gba iye tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń wọn ènìyàn kí wọ́n tó fún un lóògùn, kí ló dé tí a kò fi ní wọn ajá?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Oògùn abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù, ml 1 wà fún kílò 50 ara ẹran. Ajá ilé wa kan lè wọn kílò 10. Bí a bá tilẹ̀ fi ìṣirò màlúù fún un, ìdá kan nínú márùn-ún ml 1 ni. Kò kún ìdí síríńjì. Ẹni tó bá fa ml 1 gún ajá bẹ́ẹ̀ ti fún un ní oògùn ẹran kílò 50. Ajá tó bá gbà jù, ojú rẹ̀ lè ṣú, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè dákú kó má jí mọ́.

Ọ̀ràn ìran ajá tún wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti rí i pé oògùn yìí ń pa ajá òyìnbó tí ń jẹ́ kólì ní ìwọ̀n tí kò ṣe ajá mìíràn ní nǹkan kan. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí ìdí rẹ̀: àbùkù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran wọn tó ń jẹ́ kí oògùn náà wọ ọpọlọ. Àwọn ajá kan nínú ìran àwọn ajá olùṣọ́ òyìnbó mìíràn náà ní in. Bí ajá yín bá jẹ́ àdàpọ̀ ti ilé àti ti òyìnbó, ẹ kò lè fi ojú mọ̀ bóyá ó ní in. Dókítà ẹran nìkan ló yẹ kó pinnu.

Láti ọdún 2013 ni hóró oògùn jíjẹ tuntun ti jáde, tó ń pa eégbọn, yọ̀rọ̀ àti máìtì. Owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Òun náà ní ìwọ̀n kílò tí a kọ sí ara páálí, ní ọdún 2018 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè fa gìrì fún àwọn ajá kan. Bí oògùn ṣe ń dára sí i náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò kúrò nílẹ̀.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ FI LÉ WA LỌ́WỌ́

1. Ẹ mọ kòkòrò náà kí ẹ tó ra oògùn. Ẹ fi àtàǹpàkò ra etí etí ajá. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kúrúnà tó ń ràn. Àmọ́ dókítà ẹran ni yóò fi abẹ ha awọ rẹ̀ díẹ̀, tí yóò fi awò wò ó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

2. Gbogbo ara ni kí ẹ tọ́jú, gbogbo ajá agboolé sì ni, bó bá jẹ́ kúrúnà tó ń ràn. Ẹyin rẹ̀ ń pa, ó sì ń dàgbà láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, nítorí náà ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Ẹ tún un ṣe bí dókítà bá ti wí.

3. Ẹ tọ́jú ibùsùn ajá. Ẹ sun àpò àti àkísà tó ń sùn lé, ẹ gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ sì di sísán ògiri.

4. Ẹ wọn ajá. Òṣùwọ̀n tí ẹgbẹ́ ń fi wọn kòkó wà níbẹ̀. Kí olówó ajá gbé e dání, kó gun orí òṣùwọ̀n, kó wá sọ ọ́ kalẹ̀, kó tún gùn ún lóun nìkan. Ohun tó bá fi dín ni ìwọ̀n ajá.

5. Ẹ má ṣe fi ọ́ìlì ọkọ̀, kẹrosíìnì, Gamalin, DDVP tàbí oògùn oko kankan pa ajá lára. Ẹ má sì fi oògùn ajá pa ológbò lára láìbéèrè, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ ń pa ológbò.

6. Bó bá jẹ́ ti ìdí irun ni, ẹ fún ajá ní oúnjẹ gidi, kí ẹ sì gba oògùn aràn fún un. Oògùn awọ nìkan kò tó.

7. Bí ara bá ń yún àwọn ọmọ nínú ilé, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Kòkòrò kúrúnà ajá kì í pẹ́ lára ènìyàn bí a bá ti tọ́jú ajá náà, àmọ́ kúrúnà ti ènìyàn fúnra rẹ̀ gba ìtọ́jú tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé dókítà ẹran jìnnà, owó rẹ̀ sì pọ̀. Òótọ́ ni fún ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹgbẹ́ ni yín. Ẹ lè dá ọjọ́ kan, kí ẹ kó gbogbo ajá abúlé jọ, kí ẹ pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì jọ pín owó rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ ní kó gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí a ṣe ń jọ ra ajílẹ̀ náà ni a lè jọ wo ajá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Kí ni àwọn àgbà abúlé yín fi ń wo kúrúnà ajá? Èwo nínú rẹ̀ ló ṣiṣẹ́, èwo ló sì léwu?

2. Ajá mélòó ló wà láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́? Èló ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá jọ pe dókítà ẹran?

3. Ta ni yóò ṣe ìtọ́jú àwọn ìgò oògùn oko àtijọ́ tó wà ní abà, kí ọmọdé àti ẹran má baà dé ìdí wọn?

Ẹ fi èsì ìjíròrò yín ránṣẹ́ sí ètò àwọn àgbẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò wa, tàbí kí ẹ fi rán òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn tó wà ní àdúgbò yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ oko kò ní pa wá o.